Ọjọ́ Tí Olóhùn Gbọ́ Ohùn Ara Rẹ̀

Ohùn ìyàwó Káfíńtà ti pe rélùwéè àárọ̀ tán kí Káfíńtà tó rí i pé ìyàwó òun náà ló dúró nídìí sítóòfù, tó ń da omi gbígbóná sórí tíì.

Kùrukùru ṣì wà níta. Ó bo òrùlé, ó bo ojú irin tó gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá, débi pé ńṣe ni ohùn náà dà bí ẹni pé inú àwọsánmà ló ti ń bọ̀. "Ẹ̀yin èrò wa, ẹ kú àárọ̀ o. Rélùwéè tó ń lọ sápá òkè ti ń wọlé bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún sẹ́yìn kúrò létí pèpéle." Ohùn tó tutù ni, ohùn tó ń rọra balẹ̀ bí aṣọ fífọ̀ tí wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Òun ni wọ́n fi ń jí, òun náà ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó tó àkókò láti ká aṣọ lórí okùn. Nítorí ohùn yẹn ni wọ́n ṣe ń pe obìnrin náà ní Olóhùn, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ fi di ohun tí ọkọ rẹ̀ nìkan ń rántí, tí òun náà kì í sì í pè é àfi tínú bá ń bí i.

Káfíńtà wo fèrèsé. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó tún wo fèrèsé.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún yẹn?"

Olóhùn bu ṣúgà sínú ife. Ó ń ro ṣúgà.

Láti yàrá kejì ni Ìyá Àgbà, ìyá Káfíńtà, ti fi igbe ta. Awọ funfun ti bo ojú ìyá náà méjèèjì, etí ló fi ń gbé inú ilé. "Ìyàwó mi! Ṣé o ti jáde ni? Mo ń gbọ́ ọ níbùdókọ̀ rélùwéè, mo sì tún ń gbọ́ ìró ṣíbí rẹ. Àbí ẹ̀mí mi ló fẹ́ bọ́?"

"Mo wà ńlé, mà. Ẹ̀mí yín ò bọ́. Tíì yín ló ń bọ̀."

"Ta ló wá wà níbẹ̀?"

"Èmi náà ni, mà."

Ọmọbìnrin wọn tó ń di okùn bàtà iléèwé gbé orí sókè. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn tó ti dì tán.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde nìyẹn. Ọ́fíìsì rélùwéè ti pe Olóhùn sínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó ka orúkọ gbogbo ibùdó, kó ka "ó ń bọ̀", kó ka "ó ń lọ", kó ka "ẹ má bínú". Ó kà á. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ dára, wọ́n fún un ní omi tútù mu. Nígbà tó di àná, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, irú ọpẹ́ tí wọ́n fi ń sin èèyàn dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Ó délé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí ilẹ̀ mọ́, kí òun wá ẹnu tí òun máa fi sọ ọ́. Kò mọ̀ pé ẹnu òun náà ló máa ṣáájú òun sọ ọ́.

"O ta ohùn rẹ," Káfíńtà wí.

"N ò tà á. Wọ́n ní kí n kàwé, mo kàwé."

"Ó tún wá burú ju kó o tà á lọ. Ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọn ò san nǹkan kan fún un, kí là ń pè é?"

"Òṣìṣẹ́ là ń pè é," Olóhùn dáhùn.

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ yìí! Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ìwọ, ara rẹ gan-an lo gbé fún wọn. Wọn ò ní pè ọ́ mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ pè ọ́ fún? O ti wà níbẹ̀!"

Olóhùn gbé ife tíì kalẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Nígbà tí àga oníke dé tí wọn ò wá ra àga onígi mọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ tà á fún wọn ni? Ṣé mo jókòó síbí sọ yín lórúkọ burúkú?"

Ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tó ń dùn ún. Ọmọ wọn gé búrẹ́dì, ó tì í síwájú bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ tì í síwájú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ò wò ó. Búrẹ́dì wà láàárín wọn bí àlejò tí onílé ò kí. Níta, ohùn tútù náà tún dún: "Rélùwéè tó wà ní pèpéle ti fẹ́ gbéra. A dúpẹ́ pé ẹ bá wa rìn."

Káfíńtà dìde, ó mú àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde. Kò tilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni Wọ́n-Ní bá wọlé. Aránṣọ ni, ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, okùn ìwọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ tó máa sọ láyé tí kò ní fi "wọ́n ní" ṣáájú, kódà tó bá jẹ́ pé òun ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. "Ẹ kú ilé o. Wọ́n ní Olóhùn wà níbùdókọ̀, wọ́n sì tún ní ó ń da omi tíì nù láti ojú fèrèsé. Mo ní ọ̀kan nínú wọn ń purọ́."

Olóhùn ṣàlàyé fún un ní gbólóhùn díẹ̀. Wọ́n-Ní pàtẹ́wọ́.

"Ó mà dáa o! O kàn máa jókòó sílé, ohùn rẹ á máa lọ síbi iṣẹ́!"

"Ohùn ló lọ síbi iṣẹ́," Olóhùn ní. "Ẹnu tó ń jẹun ló kù sílé."

Wọ́n-Ní rẹ́rìn-ín, ó sì rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó jókòó sórí àga tí Káfíńtà dìde kúrò. "Ó dáa. Wọ́n ní tí ọ̀nà kan ò bá já, a máa ń gba òmíràn. Kí lo tún mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Nǹkan kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo mọ rélùwéè pè."

"Rélùwéè mìíràn ò sí nílùú yìí."

"Kò sí."

"Ṣé o lè ránṣọ?"

"Mi ò lè ki okùn bọ abẹ́rẹ́."

"Ṣé o lè tajà?"

"Tí ẹni kan bá ní ó ti wọ́n jù, màá ní kó má bínú. Èmi ni máa padà sanwó fún un."

Wọ́n-Ní mí kanlẹ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ṣùgbọ́n ti Olóhùn láàárọ̀ yìí, ojú rẹ̀ ló ti ń hàn. Aránṣọ náà mú búrẹ́dì kan lára èyí tí ẹnikẹ́ni ò jẹ, ó ní òun ń lọ, ẹni kan ń retí ṣòkòtò.

Ìgbà tí ọmọ ti lọ síléèwé, tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ kùrukùru, ni Ìyá Àgbà fọwọ́ tọ ògiri jáde láti yàrá, ó ti wọ aṣọ, ó ti wé gèlè.

"Ọmọ mi dà?"

Ìgbà yẹn ni Olóhùn rántí. Òní ni wọ́n ní kí Ìyá Àgbà wá sílé ìwòsàn ojú láti wá bọ́ awọ ojú ọ̀tún. Káfíńtà ló yẹ kó mú un lọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń retí ọjọ́ yìí. Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá sì fi lè yẹ̀, ẹ̀yìn gbogbo àwọn tó ń bọ̀ ló máa padà sí, ìgbà tó sì máa kàn án padà, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

"Ó ti jáde, mà. Èmi ni máa mú yín lọ."

"Ìwọ? Iṣẹ́ ńkọ́?" Ìyá Àgbà rántí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́. "Ó dáa. Fún mi lápá rẹ."

Ọ̀nà ilé ìwòsàn ò yẹ ibùdókọ̀ sílẹ̀. Olóhùn fẹ́ gba ẹ̀yìn ilé lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá ò gba òkúta. Wọ́n ń rọra lọ nínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ tó dà bí wàrà, ohùn náà sì ń pàdé wọn, ó ń tóbi sí i bí wọ́n ṣe ń súnmọ́ ọn. Ó ń ṣe Olóhùn bí ẹni pé òun ń rìn lọ bá ara òun, bí ẹni pé tí òun bá yọjú wo inú yàrá kékeré tí òun ti ń ṣiṣẹ́ lókè àtẹ̀gùn, òun máa rí ara òun níbẹ̀, tó jókòó pẹ̀lú síwẹ́tà aláwọ̀ ewé tí òun máa ń wọ̀ síbi iṣẹ́, ẹni yẹn á gbójú sókè, á bi òun pé, "Ta lẹ̀ ń wá, mà?"

"Rélùwéè tó ń lọ sápá òkè ti ń wọlé bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún sẹ́yìn kúrò létí pèpéle."

Àwọn èrò gbé ẹrù. Wọ́n fún ara wọn mọ́ra. Ojú irin ń dán lọ títí, ó ṣófo. Rélùwéè kankan ò yọ. Wọ́n gbé ẹrù kalẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, ohùn náà tún ní rélùwéè ti ń wọlé bọ̀, bó ṣe tutù ló ṣe tutù, kò bẹ̀bẹ̀, kò yí padà. Àwọn èrò tún gbé ẹrù. Ẹnìkan ń bú. Obìnrin kan tó gbé ọmọ pọ̀n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní òun ò dìde mọ́ àyàfi tí òun bá fojú rí i.

Ọkùnrin kan tó ru àpótí ló kọ́kọ́ rí Olóhùn lẹ́nu géètì. "Ìwọ kọ́ nìyí? Ìwọ lò ń tàn wá láti àárọ̀! Kí la ṣe fún ọ?"

Olóhùn la ẹnu. Ó fẹ́ sọ pé òun kọ́. Ohùn òun sì ń dún lókè orí wọn nígbà yẹn gan-an. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tirẹ̀ sì rèé, àwọn ẹlòmíràn ló ń jù ú mọ́lẹ̀. Ó wo ẹ̀ṣọ́ géètì, ẹni tó máa ń kí i ní "Ọ̀gá Olóhùn" láràárọ̀. Ẹ̀ṣọ́ náà ń wo èékánná ara rẹ̀.

Ìyá Àgbà fún apá rẹ̀ mọ́ra. "Jẹ́ ká máa lọ."

Gbọ̀ngán kan tó gùn ni ilé ìwòsàn ojú, fèrèsé rẹ̀ ga, ìmọ́lẹ̀ ń gbabẹ̀ wọlé bí omi. Bẹ́ǹṣì ni wọ́n tò sílẹ̀ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, àwọn àgbàlagbà sì jókòó sórí wọn, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn kan. Púpọ̀ wọn ò ríran. Àwọn tó ríran díẹ̀ ń ṣàlàyé fún àwọn tí kò rí. Wọ́n ti mú àwọn kan wọlé, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn jáde pẹ̀lú báńdéèjì lójú, nígbà tí iná lọ.

Ńṣe ni gbogbo nǹkan dúró. Ilẹ̀kùn tì. Wọ́n dúró títí. Nọ́ọ̀sì kan tó kéré lọ́jọ́ orí yọ orí, ó ní, "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ o," ó tún tilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní dókítà ti gba ẹ̀yìn lọ. Wọ́n ní àwọn tó lẹ́nìkan nínú ilé ìwòsàn ni wọ́n máa ṣe. Wọ́n ní ti òní ti parí, kí kálukú padà sílé. Ọ̀rọ̀ tó bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ríran, ńṣe ló ń tóbi sí i. Ẹnìkan dìde, ẹlòmíràn dìde, láìpẹ́ gbogbo wọn ti wà lórí ìdúró, wọ́n na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń wẹ̀ nínú òkùnkùn, gbogbo wọn ń lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn. Bàbá kan kọsẹ̀ lára bẹ́ǹṣì, ó ṣubú, wọ́n sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Olóhùn ti gbé bàbá náà dìde kó tó mọ̀ pé òun ti dìde. Ó fi ẹ̀yìn Ìyá Àgbà ti ògiri, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ó sì kan ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì ṣí i díẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó hàn pé òun nìkan ló ń dá gbogbo wọn lóhùn láti àárọ̀.

"Kí lẹ mọ̀?" Olóhùn bi í jẹ́jẹ́.

"Jẹnẹrétọ̀ ló kọṣẹ́. Ẹni tó ń tún un ṣe ti dé. Dókítà wà nínú. Ẹ gbà mí, n ò mọ ìgbà tó máa tán, kí ni kí n wá sọ fún wọn?"

"Ṣé wọ́n ṣì máa ṣe gbogbo wọn lónìí?"

"Dókítà ní òun ò lọ sílé láìṣe wọ́n tán."

"Ó tó. Ṣé kí n bá yín sọ ọ́?"

Nọ́ọ̀sì náà mi orí bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀.

Olóhùn kọjú sí gbọ̀ngán. Kò sí gbohùngbohùn. Kò tíì sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn rí láìsí ẹ̀rọ lẹ́nu, kò sì tíì rí ojú wọn rí láti inú yàrá kékeré rẹ̀. Ó mí sínú.

"Ẹ̀yin èrò wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún sẹ́yìn kúrò létí pèpéle…"

Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu òun jáde. Gbọ̀ngán dákẹ́. Láti àárín wọn ni ohùn àgbàlagbà ọkùnrin kan ti jáde: "Ṣé rélùwéè ti ń bọ̀ ni?"

Ẹ̀rín bú. Ó gba gbogbo gbọ̀ngán, àwọn tó na ọwọ́ síwájú rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àwọn tí wọ́n ń ti ara wọn di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú nítorí ẹ̀rín. Olóhùn dúró kí ẹ̀rín náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó mọ ibi tó máa tán sí. Ìgbà náà ló sọ̀rọ̀.

"Rélùwéè kọ́ o, bàbá. Iná ló lọ, jẹnẹrétọ̀ sì kọṣẹ́. Ẹni tó ń tún un ṣe wà nídìí ẹ̀ báyìí. Dókítà wà nínú, kò lọ síbì kankan, ó sì ní òun máa ṣe gbogbo yín lónìí. Ìgbà tí iná máa dé, a ò mọ̀ ọ́n. Tí a bá ti mọ̀, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Bẹ́ ẹ ṣe tò tẹ́lẹ̀ lẹ ṣe máa wọlé, kò sẹ́ni tó máa gba àyè ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ríran di ẹni tí kò ríran mú, ká padà síjòókòó."

Ó tún un sọ fún apá ẹ̀yìn. Ó lọ bá àwọn tí etí wọn wúwo, ó tún un sọ, bó ṣe sọ ọ́ ní àkọ́kọ́ ló ṣe sọ ọ́ ní ìkẹyìn, kò yára jù, kò kanra. Wọ́n padà jókòó. Ó ṣe díẹ̀, ó tún dìde. "Kò tíì sí ìròyìn o. Mo ní kí n wá sọ fún yín pé kò tíì sí ni." Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kan fún un ní ọsàn.

Bó ṣe ń rìn láàárín bẹ́ǹṣì, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti yí sápá kejì, ó ń kọjá lára ojú àwọn tó jókòó, ó ń tàn, ó ń ṣú, ó ń tàn, bí ìgbà tí igi ń sáré kọjá lójú fèrèsé. Ó ṣe é bí ẹni pé gbọ̀ngán náà ti gbéra, tí ó ń rọra lọ sí ibì kan pẹ̀lú gbogbo wọn nínú rẹ̀. Rélùwéè tó ti ń pè láti ọjọ́ yìí wá, kò wọ̀ ọ́ rí títí dé ibi tó ń lọ. Ó jókòó ti Ìyá Àgbà.

"O wà níbẹ̀," Ìyá Àgbà wí.

"Níbo, mà?"

"Níbi iṣẹ́ rẹ. Ohùn tí mo ń gbọ́ láàárọ̀ kò mọ̀ bóyá ẹnìkan wà níwájú òun. Èyí mọ̀." Ó ń tẹ ọsàn náà lọ́wọ́. "Mo gbọ́ ohun tó o sọ fún aránṣọ yẹn, pé rélùwéè lo mọ̀ ọ́n pè. Rélùwéè ò gbọ́ ọ rí, ìyàwó mi. Bó o pè é, bó ò pè é, yóò wá nígbà tó bá wù ú. Èèyàn tó ń dúró ló ń gbọ́ ọ. Àbí ibo láyé yìí ni èèyàn ò ti ń dúró?"

Olóhùn ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Iná dé. Ó dìde, ó sọ fún wọn. Wọ́n ń wọlé bí wọ́n ṣe tò, ó ń pe ẹni tó kàn, ó ń mú un dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó kan Ìyá Àgbà, òun náà ló pè é, ó pè é bí ó ṣe pe àwọn yòókù, Ìyá Àgbà sì dáhùn pé, "Mo wà níbí, mà," gbọ̀ngán tún rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì, obìnrin gíga kan tí àárẹ̀ wà lójú rẹ̀, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ó ń wò ó. Nígbà tí àwọn bẹ́ǹṣì ti ń ṣófo, ó pè é.

"Ta ló gbé ọ síbẹ̀ yẹn?"

"Kò sẹ́ni, mà. Ìyá ọkọ mi ni mo mú wá."

"Kí lò ń ṣe níṣẹ́?"

Ẹnu Olóhùn fẹ́ sọ nípa rélùwéè, ó dúró. Ó ronú díẹ̀. "Mo máa ń sọ ìròyìn tí kò dára fún èèyàn púpọ̀, wọn kì í sì í já ilẹ̀kùn. Mo lè sọ ọ̀rọ̀ kan láti àárọ̀ di alẹ́ kí ara má kan mí. Mo máa ń mọ ẹni tó fẹ́ bínú kó tó bínú. Mo máa ń ya ohun tí mo mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí n ò mọ̀."

"Níbo lo ti kọ́ ọ?"

"Níbi tí wọn ò ti fẹ́ mi mọ́, mà."

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. Ó wo àwọn bẹ́ǹṣì tí wọ́n tò. "Ohùn rẹ dára. A ní ẹ̀rọ kan nínú yàrá lọ́hùn-ún. Bóyá ká gbà á sílẹ̀, kí àwọn ọ̀rọ̀ yẹn máa dún fúnra wọn, kó má baà rẹ̀ ọ́…"

"Rárá, mà."

Ó ti yára sọ ọ́ jù, òun náà gbọ́ ọ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe ohùn mi nìkan ni mo mú wá. Ẹ̀rọ á máa ní ó ń bọ̀ nígbà tí kò bọ̀. Kò ní rí ẹni tó ṣubú."

Ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní, "Mi ò ní ṣèlérí fún ọ. Kò sí irú iṣẹ́ yẹn níbí. Ó yẹ kó wà. Màá bá àwọn tó wà lókè sọ̀rọ̀, wọ́n lè gbà, wọ́n lè kọ̀. Àmọ́ wá lọ́la, kí wọ́n fojú rí ohun tí mo bá ń sọ."

"Mo máa wá, mà."

Wọ́n délé nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀. Káfíńtà ti wà nílé. Ó ti se ìrẹsì, ó jóná díẹ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ wọn sì ti gbé àwo kalẹ̀. Káfíńtà gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra mú un dé orí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí pálọ̀, ó tẹ́ ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Báńdéèjì bo ojú ọ̀tún, wọ́n ní wọ́n máa tú u lọ́la.

Wọ́n ń jẹun.

"Mo wá síbẹ̀," Káfíńtà wí, ó ń wo inú àwo.

"Síbo?"

"Ilé ìwòsàn. Ọ̀sán ni mo rántí Màmá, mo sáré. Mo bá ọ lórí ìdúró."

"A ò rí yín."

"Mo dúró lẹ́yìn." Ó wa ìrẹsì tó jóná sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní ìyàwó mi ni. Ó ní kí n dákẹ́, òun fẹ́ gbọ́ ohun tó ń sọ."

Ọmọ wọn fi ọwọ́ bo ẹnu. Olóhùn wo ọkọ rẹ̀ títí. Ó wá sí i lọ́kàn pé kó bu ẹran tó kù sínú àwo ọkọ rẹ̀, ó sì bù ú.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?" ó bi í.

"Èmi kí?"

"Tí wọ́n bá kó pákó kúrò níwájú yín, kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ojú Káfíńtà fẹ́ le. Bóyá tó bá jẹ́ àárọ̀ ni, ì bá ti gbé àpò rẹ̀. Ó jẹ ẹran náà. Ó mu omi. Òkùnkùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọ yàrá díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó dìde tan iná.

"Mo máa ń rí ibi tó wọ́," ó wí níkẹyìn. "Kí n tó fi ìwọ̀n sí i, ojú mi á ti rí i. Lára ilé, lára ògiri, lára ohunkóhun."

"Kí ló tún kù?"

"Mo lè wo nǹkan tó ti bàjẹ́, kí n mọ ẹni tó kàn án tẹ́lẹ̀ àti ibi tó ti kánjú."

"Ẹ wá ń sọ fún mi pé àga nìkan lẹ mọ̀."

"Tí ojú rẹ bá ń rí ibi tó wọ́," Ìyá Àgbà dá sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì, "kí ló dé tí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ilé yìí ò fi tì rí? Èmi tí n ò ríran, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́."

Ọmọbìnrin wọn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà Olóhùn, ẹ̀rín náà sì mú Káfíńtà fúnra rẹ̀ lójijì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi omi ha ara rẹ̀ lọ́fun. Ó dìde. Ó lọ sí ẹnu balùwẹ̀, ọmọ rẹ̀ gbé iná tẹ̀ lé e. Ó di ojú kan, ó wo ilẹ̀kùn náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Òkè ló ti wọ́," ó ní.

"Rárá o," ìyá rẹ̀ dáhùn láti yàrá. "Ìsàlẹ̀ ni."

Káfíńtà kúnlẹ̀. Olóhùn náà kúnlẹ̀ ti ọkọ rẹ̀, ọmọ wọn sún iná mọ́ ọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn náà.

Ìsàlẹ̀ ni.